Ẹni Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kanlẹ̀ Ṣì Lè Dìde

Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé òun dìde, tàbí bóyá wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín. Àgbà ń wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n sọ wà nínú òwe kúkúrú yìí. Ó dá lórí ìdíje, pàápàá jù lọ lórí ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú ìdíje. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ bí a ti í bá ẹni tí ó gba ife yọ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ ohun tí à á sọ fún ẹni tí kò gbà á?

Ohun tí ó mú wa kọ èyí ni ohun tí a ń rí nínú agbo ilé wa, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà. Ọmọ lọ sí ibi eré ìje níléèwé, tàbí ó lọ sí ìdíje ìmọ̀ Bíbélì, tàbí ẹgbẹ́ akọrin lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn figagbága. Kí ó tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ipò kelòó lo ṣe?" Bí ó bá dáhùn pé ìkejì ni, a ó tún bi í pé, "Ẹni tó ṣe ìkíní, ṣé orí méjì ló ní?" Ọmọ náà á wolẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀. Ó lè máà dá ohunkóhun tí wọ́n lè ti borí rẹ̀ dáwọ́ lé mọ́, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ẹ̀bùrú tí yóò fi máa borí. Méjèèjì kò dára.

Ohun tí ojú ìlú Ìbàdàn rí ní 1984

Kò sí ìdílé kan ní Ìbàdàn àtijọ́ tí kò mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars, tí a ń pè ní IICC nígbà kan, tí a mọ̀ sí 3SC. Ní ọdún 1976, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà wọ Nàìjíríà. Wọ́n na Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní góòlù 4 sí 1 níbí ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n nà wọ́n ní 1 sí òdo, ṣùgbọ́n àròpọ̀ góòlù ti gbè wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ Olúyọ̀lé ti gbà pé ibi tí ife bá wà, tiwa ni.

Ní 1983, wọ́n gba ife líìgì Nàìjíríà. Èyí ni ó fún wọn láǹfààní láti wọ ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó peregedé ní orílẹ̀-èdè wọn jákèjádò Áfíríkà ní 1984. Wọ́n gbá a títí wọ́n fi dé ìpele àṣekágbá. Zamalek ti ìlú Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé níbẹ̀. Ní Káírò, Zamalek na wọ́n ní 2 sí òdo. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n jọ padà wá sí Èkó. Ìrètí gbogbo ayé ni pé góòlù mẹ́ta yóò wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Zamalek ni ó tún gbá ẹyọ kan sí àwọ̀n, ó sì gbé ife lọ sílé lójú gbogbo èrò.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà ní ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ta Shooting Stars yọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi máa padà délé, bí ẹni tí ó ba ohun gbogbo jẹ́ ni wọ́n ṣe gbà wọ́n. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, lábẹ́ Gómìnà Oladayo Popoola, dá ẹgbẹ́ náà dúró fún ọdún méjì. Àwọn tí ó ṣe ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà ni wọ́n ní kí wọ́n lọ jókòó sílé.

A kò sọ èyí láti tún ẹjọ́ àtijọ́ dá. Ọ̀nà jíjìn ni a ti rìn kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà tí ó wà nínú ìpinnu yẹn ṣì ń gbé nínú ilé wa. Bí baba kan bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé wọ́n nà wọ́n ní ilé-ìwé, ohun tí ìjọba ológun ṣe ní 1984 náà ni ó ń ṣe. Bí ìyá kan bá yọ ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé ẹlòmíràn ni wọ́n yàn láti dá orin, ohun kan náà ni. A ń jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sún mọ́ òkè ju àwọn tí kò jáde rárá lọ.

Kí ni ó wá gbẹ̀yìn àwọn tí ó pàdánù?

Ìpàdánù 1984 ni eré ìkẹyìn Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní "Mathematical". Ọkùnrin yìí ni ó gbá góòlù méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria ní Èkó ní oṣù kẹta 1980, nígbà tí a kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Múdàṣírù Lawal, ọmọ ẹgbẹ́ Shooting Stars bíi tirẹ̀, ni ó gbá ìkẹta. Ta ni kò ní fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ife dágbére? Ìfìdírẹmi ni ó fi dágbére. Ṣùgbọ́n kò pa ẹnu mọ́, kò sì sá fún eré ìdárayá. Ó di òǹkọ̀wé tí àwọn ènìyàn ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó sì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Wáṣinmi ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé tí wọ́n sì ń kọ́ eré ìdárayá pọ̀. Góòlù tí kò wọlé ní 1984 kò pa góòlù tí ó wọlé ní 1980 rẹ́.

Nínú ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ogún, Rashidi Yekini. Lẹ́yìn Shooting Stars, ó lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ó ti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ivory Coast, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí ilẹ̀ Potogí. Ní 1993, wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje ife àgbáyé. Ọdún mẹ́wàá ni ó wà láàárín ọjọ́ ìtìjú àti ọjọ́ ògo. Bí ó bá ti gbà ní 1984 pé ibi tí ayé òun parí sí nìyẹn, ta ni ìbá di àwọ̀n mú ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà?

Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Ní 1992, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá ìdíje CAF Cup sílẹ̀, Shooting Stars àti Villa ti ilẹ̀ Ùgáńdà ta ọ̀mì ní Kampala, kò sí ẹni tí ó gbá góòlù. Nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn, àwọn ọmọ Olúyọ̀lé gbá mẹ́ta sílé, ife sì di tiwọn. Ní 1996, wọ́n tún bá Zamalek pàdé ní ìpele àṣekágbá bíi ti 1984. Wọ́n na Zamalek ní 2 sí 1 ní Ìbàdàn, Zamalek náà sì nà wọ́n ní 2 sí 1 ní Káírò. Pẹnáritì ni wọ́n fi parí rẹ̀, Zamalek jẹ márùn-ún, Shooting Stars jẹ mẹ́rin. Ẹ wò ó: ní 1984, góòlù mẹ́ta ni Zamalek fi jù wọ́n lọ, tiwọn kò sì wọlé rárá. Ní 1996, pẹnáritì ẹyọ kan péré ni ó kù. Ẹni tí ó bá ń ka ife nìkan yóò sọ pé ìpàdánù méjì ni. Ẹni tí ó bá ń wo ẹ̀yìn bí àgbà yóò rí i pé ẹsẹ̀ ti tẹ̀ síwájú láàárín méjèèjì.

Àwọn àlejò tí ó pàdánù àti àwọn tí ó kọ́kọ́ pàdánù

Kí a má baà rò pé ti ilé wa nìkan ni, ẹ jẹ́ kí a rántí Tonnerre tí a nà ní 1976. Roger Milla wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Lọ́dún kan náà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ife sọ́wọ́ Ìbàdàn ni wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà. Nígbà tí ó di 1990, tí ó ti pé ọmọ ọdún 38, ó gbá góòlù mẹ́rin ní ilẹ̀ Ítálì nínú ìdíje ife àgbáyé, Kamẹrúùnù sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ìpele tí ó kù mẹ́jọ.

Àwọn àgbà tí ó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963 kò lè gbàgbé Dick Tiger. Ní pápá ìṣeré Liberty, tí a ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ni ó ti lu Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà títí tí Fullmer fi kọ̀ láti dìde fún ìpele kẹjọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò àgbáyé ní ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Ayọ̀ ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé nígbà tí Dick Tiger kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jà níbẹ̀ ni wọ́n ti borí rẹ̀, léraléra. Òtútù ń mú un, owó kò sí, ilé jìnnà. Ìjà mẹ́rin! Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó máa dúró de ìkarùn-ún?

Èyí tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti àwọn ará Sáḿbíà. Ní oṣù kẹrin 1993, ọkọ̀ òfuurufú tí ó gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn já sínú òkun lẹ́bàá Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n. Kò sí ẹni tí ó yè nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n kó àwọn ọmọ mìíràn jọ, Kalusha Bwalya tí kò sí nínú ọkọ̀ náà sì jẹ́ olórí wọn. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí wọ́n dé ìpele àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunis, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1994. Nàìjíríà wa ni ó nà wọ́n, 2 sí 1. A yọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè sọ pé àwọn ọmọ Sáḿbíà pàdánù? Ní oṣù kejì 2012, ní Libreville gan-an, Sáḿbíà fi pẹnáritì gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kalusha wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Èrè wo ni ó wà níbẹ̀?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ̀yin ará, àwọn tí ó padà borí ni ẹ ń sọ. Ẹni tí kò borí láéláé ńkọ́?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé èrè ìpàdánù kò jú kí a borí lọ́la lọ, a jẹ́ pé ife náà ni a ṣì ń bọ. Èrè mìíràn wà tí kò dúró de ife.

Ẹ wo ibi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò nínú agbo ilé. Bí ènìyàn bá dé ibẹ̀, á kí ọ̀ta, á kí ọ̀pẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ̀. Àwọn tí ó dúró tì wọ́n á máa fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í lé e kúrò nídìí ọpọ́n. Kò sì sí ọ̀ta kan láyé tí kò ṣe ọ̀pẹ̀ rí. Ìdí ọpọ́n tí ọ̀ta ti ń jẹ ẹ́ ni ó ti kọ́ bí a ti í ka ọmọ ayò. Èrè àkọ́kọ́ nìyí: ẹni tí ó borí wa ń sọ òtítọ́ tí ọ̀rẹ́ wa kò lè sọ fún wa. Ọ̀rẹ́ á ní a mọ̀ ọ́n sá. Ẹni tí ó ṣáájú wa dé òpin á jẹ́ kí a mọ ibi tí ẹsẹ̀ wa kù sí.

Èrè kejì ni pé ìfìdírẹmi ń jẹ́ kí a mọ ohun tí a fẹ́ràn ní tòótọ́. Ọmọ tí ó fẹ́ràn orin yóò tún kọrin ní ọjọ́ kejì tí wọ́n kò yàn án. Ẹni tí ó jẹ́ pé àtẹ́wọ́ nìkan ni ó fẹ́ràn yóò lọ wá ibòmíràn tí àtẹ́wọ́ wà.

Èrè kẹta ni ojú àánú. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀ rí kì í fi ẹni tí ó ṣubú rẹ́rìn-ín. Irú wọn ni a ń wá láti ṣe olùkọ́, láti ṣe òbí, láti ṣe olórí.

Nínú Ìwé Ìṣe Àwọn Aposteli, nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò rọ́pò Judasi, ọkùnrin méjì ni wọ́n mú síwájú. Kèké mú Mattia. Èkejì ni Josẹfu tí wọ́n ń pè ní Justu. Òun náà ti bá wọn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà yẹ. A kò kà á níbì kankan níbẹ̀ pé ó bínú jáde tàbí pé ó ní wọ́n ṣe màgòmágó. Pé a kò yan ènìyàn kò túmọ̀ sí pé kò yẹ.

Àwọn ìtùnú èké

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ fún ẹni tí ó pàdánù tí kì í ṣe ìtùnú. Èkíní ni "ọwọ́ ayé ni". Bí ọmọ bá ṣe ipò kẹta, ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ti ṣe é. Bí ẹgbẹ́ bá pàdánù, wọ́n ti ri nǹkan mọ́ ojú góòlù. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra! Ẹni tí ó bá ti gbà pé àjẹ́ ni ó dá òun dúró kò ní wo ẹ̀yìn láti rí òkúta tí ó kọ̀. Ọmọ tí ó yẹ kí ó lọ tún ìṣirò rẹ̀ kọ́ yóò kọ́ bí a ti í kórìíra aládùúgbò. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ọmọ náà jẹ lóòótọ́, ẹ lọ bá olùkọ́ tàbí àwọn adájọ́ eré, kí ẹ fi sùúrù bi wọ́n. Bí ẹ bá ti gbọ́ èsì, ẹ jẹ́ kí ó parí síbẹ̀.

Èkejì ni èébú. Ní oṣù kejì 2024, lẹ́yìn tí Ivory Coast na Nàìjíríà ní 2 sí 1 ní Abidjan, àwọn ènìyàn bu Alex Iwobi lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí tí ó fi kó àwòrán rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọ̀gágun ẹgbẹ́ náà, Ahmed Musa, ní láti bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ìròyìn gbà á pé àwọn kan kú níbi tí wọ́n ti ń wo eré Nàìjíríà àti South Africa, eré tí a tilẹ̀ borí! Bí ìbẹ̀rù ìpàdánù bá lè pa ènìyàn lọ́jọ́ tí a borí, a jẹ́ pé ọkàn wa ni ó ń ṣàìsàn, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀kẹta ni tẹ́tẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń pàdánù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìpàdánù yẹn kò ní èrè kankan nínú. Ẹni tí ó sáré tí ó sì pàdánù ti mọ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó lé orí eré ẹlòmíràn kò mọ nǹkan kan ju pé owó òun ti lọ.

Fún ẹ̀yin òbí

Bí ọmọ bá ti ibi ìdíje dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ẹ kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ. Ẹ má ṣe sọ fún un pé kò jẹ́ nǹkan kan, nítorí ó jẹ́ nǹkan kan fún un. Bí ó bá fẹ́ sunkún, ẹ jẹ́ kí ó sun ún. Ní ọjọ́ kejì, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: Kí ni o ṣe dáadáa? Kí ni ẹni tí ó borí ṣe tí ìwọ kò ṣe? Ṣé o ṣì fẹ́ padà lọ? Bí ó bá ní òun fẹ́ padà lọ, ẹ tẹ̀lé e. Bí ó bá ní rárá, ẹ má fi ipá mú un, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kì í ṣe ẹnu yín ni ó ń sá fún.

Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú láti lọ bọ ẹni tí ó borí lọ́wọ́, kí ó sì kí i pé ó kú oríire. Ó le, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá lè ṣe é ti borí ohun kan tí ó tóbi ju eré lọ.

Ilé ni ó yẹ kí ó jẹ́ ibi tí ẹni tí ó pàdánù lè padà sí láìbẹ̀rù. Bí ilẹ̀kùn ilé bá ṣí sílẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ tí kò gba ife, yóò tún lè jáde lọ́la. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó lè gba ife láìgbéraga, àti èyí tí ó lè padà sílé láìní ife, láìsọ ìrètí nù. Àmín.